Ọgbọ̀n Ọdún Lára Àwo Idẹ

Àtàlátà, 8 Épírì 2025

Orúkọ mi kò sí níbẹ̀. Mo ka ìwé ìròyìn náà láti òkè dé ilẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin, trén 6, láti Parkchester títí dé Manhattan. Mo tún un kà. Kò sí.

Kí n kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀, kí ìbínú má baà pa á dà. Sẹ́kúríìtì ni mí ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Ọdún kẹfà rèé. Yàrá kejì ni wọ́n fi mí sí, níbi tí àwo idẹ wà: irinṣẹ́ tí àwọn Mùsùlùmí àtijọ́ fi ń wo ìràwọ̀, tí wọ́n fi ń mọ àkókò ìrun. Toledo ni wọ́n ti ṣe é, ní Sípéènì. Ẹnìkan ti ha orúkọ ẹni tó ṣe é kúrò, ó sì fi lẹ́tà Látìn kọ orúkọ àwọn ìràwọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Lárúbáwá.

Nínú oṣù ààwẹ̀, Christina ń yẹ̀ ẹ́ wò. Òun ni ọ̀gá tó ń tọ́jú àwọn ohun àtijọ́. Oníbọ̀wọ́ ni mo ń pè é nínú mi, torí ìbọ̀wọ́ funfun ọwọ́ rẹ̀. Mo ní, "Mà, orúkọ ṣì wà lábẹ́ ibi tí wọ́n ha yẹn." Ó wò mí bíi pé àga ló sọ̀rọ̀. Mo kà á fún un: Yúnúsù ọmọ Kalafu. Mo ka lẹ́tà mẹ́ta tó dúró fún ọdún. Ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Mo fẹ́ ṣàlàyé iye tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan jẹ́ — ó ní kí n padà sídìí iṣẹ́ mi, òun á ṣe ìyókù.

Lónìí, ìwé ìròyìn ní Oníbọ̀wọ́ fojú ara rẹ̀ rí orúkọ tó ti sọnù.

Ojú ta ni?

Àlàrùbá, 9 Épírì

Mo kí i. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo fi ẹ̀rín yẹn pamọ́ fún un.

Àlàmísì, 1 Mée

Àfihàn bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti lẹ àlàyé mọ́ ògiri. Wọ́n ní 1099 ni wọ́n ṣe àwo náà.

Mo kà á, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lẹ́nu mi. Ó ka sáàdì, ìkejì nínú lẹ́tà mẹ́ta náà, sí àádọ́rùn-ún. Lóòótọ́, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń kà á ní Baghdad. Ṣùgbọ́n ní Mòrókò àti Sípéènì ayé ìgbà yẹn, ọgọ́ta ni. Ọgọ́ta náà ni Bàbá fi kọ́ mi ní ilé-kéwú wọn n'Ìwó, pẹ̀lú pàṣán. 462 ni ọdún Hijira, kíkà ọdún Mùsùlùmí, tó wà níbẹ̀, kì í ṣe 492. Ní kíkà òyìnbó, 1070 ni.

Ọgbọ̀n ọdún kì í ṣe nǹkan kékeré. 1085 ni ọba Kìrìsìtẹ́nì gba Toledo. Oníbọ̀wọ́ wá kọ ọ́ sógiri pé ọba yẹn ló ní kí Yúnúsù ṣe é, pé ọgbọ́n Yúróòpù ló bí i. Irọ́! Ìlú ṣì wà lọ́wọ́ Mùsùlùmí nígbà tí Yúnúsù ṣe é. Àwọn ará Yúróòpù wá bá ìmọ̀ náà nílẹ̀ ni, wọ́n jókòó, wọ́n kọ́ ọ. Ìràwọ̀ tí wọ́n fi Látìn kọ ní Aldebaran, Lárúbáwá ni: "èyí tó ń tẹ̀lé." Wọn ò tilẹ̀ wá orúkọ míì fún un.

Mo lè sọ fún un lónìí. Kò ní gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ.

Mi ò ní sọ. Ní 12 Júùnù ló máa bá àwọn ọ̀mọ̀wé sọ̀rọ̀ ní gbọ̀ngàn. Kó gun igi náà dé ṣóńṣó ná.

Sátidé, 10 Mée

Mo ròyìn ète mi, títí kan ti igi, fún Àǹtí Shirley, tí àwọn náà jẹ́ sẹ́kúríìtì ní yàrá kẹta. Wọ́n ní kí n lọ bá Oníbọ̀wọ́ kí n sì parí ọ̀rọ̀. Wọ́n ní ìbínú máa ń jẹ ẹni tó gbé e. Ará Harlem ni wọ́n, wọ́n dàgbà ju ìyá mi lọ, mi ò lè bá wọn jiyàn. Mo sọ ìtàn kan fún wọn dípò ìdáhùn.

Mọ́ńkì kan wà ní Ítálì láyé àtijọ́. Ó túmọ̀ ìwé ńlá tí oníṣègùn ará Páṣíà kan fi Lárúbáwá kọ, kò sì dárúkọ oníṣègùn náà rárá. Gbogbo Yúróòpù ń fi ìwé náà kọ́ṣẹ́ ìṣègùn, wọ́n ń yin mọ́ńkì. Nígbà tó yá, ọkùnrin kan ní Áńtíókù tún ìwé náà túmọ̀, ó dá orúkọ oníṣègùn náà padà sára rẹ̀, ó sì pe mọ́ńkì ní olè.

Mo ní, "Àǹtí, ọkùnrin Áńtíókù yẹn ni mo fẹ́ jẹ́."

Wọ́n ní, "Ṣé òun náà dúró kí mọ́ńkì kọ́kọ́ gun igi?"

Mo padà sí yàrá kejì.

Àtàlátà, 20 Mée

Bàbá àgbà kan wá, ará Íjíbítì, pẹ̀lú ọ̀pá. Wọ́n ń da àlàyé ògiri kọ sínú ìwé kékeré. Wọ́n yíjú sí mi: "Ọmọ mi, àṣé àwọn Kìrìsìtẹ́nì ló ní kí wọ́n ṣe é?" Ojú wọn rẹ̀wẹ̀sì.

Mo ní, "Ohun tí wọ́n kọ nìyẹn, sà."

Ahọ́n mi wúwo. Ṣùgbọ́n ó ku ọjọ́ mẹ́tàlélógún péré.

Jímọ̀, 6 Júùnù

Iléyá. Gbogbo èèyàn ń dárí ji ara wọn ní mọ́ṣáláṣí. Èmi ò dárí ji ẹnikẹ́ni.

Àlàmísì, 12 Júùnù

Ó ti ṣẹlẹ̀! Kí n kọ ọ́ kó tó tutù.

Aago mẹ́ta ọ̀sán. Àǹtí Shirley bá mi ṣọ́ yàrá kejì kí n lè lọ. Gbọ̀ngàn kún. Oníbọ̀wọ́ gbé àwòrán lẹ́tà mẹ́ta náà sára ògiri, wọ́n tóbi tó ilẹ̀kùn. Nígbà tó ní kí a béèrè, mo dìde tèmi ti yúnífọ́ọ̀mù.

Mo ní, "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka àwọn lẹ́tà yẹn sókè fún wa."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó sọ ti àkọ́kọ́. Ó dúró lórí ìkejì. Ó yẹ bébà ọwọ́ rẹ̀ wò. Mo jẹ́ kó wá a títí.

Mo wá kà á fúnra mi. Mo ṣàlàyé ọgọ́ta àti àádọ́rùn-ún, mo sọ ti 1070. Ọ̀mọ̀wé kan níwájú, irun rẹ̀ funfun, ṣírò sórí bébà, ó ní, "Òótọ́ ló sọ." Ẹnìkan béèrè ta ló kọ́kọ́ rí orúkọ náà. Mo wo Oníbọ̀wọ́. Gbogbo wọn wò ó. Ó nawọ́ sí mi, ohùn rẹ̀ kò sókè, ó ní, "Òun ni."

Ọlọ́run, ó dùn. Ó dùn dé egungun.

Àtìní, 16 Júùnù

Olùdarí pè mí lórí fóònù. Oníbọ̀wọ́ ti kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Wọn yóò yí àlàyé ògiri padà lọ́la. Orúkọ Yúnúsù, lẹ́yìn náà orúkọ mi.

Mo pe Bàbá n'Ìwó lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mo ròyìn gbogbo rẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín nígbà tí mo dé ibi ọgọ́ta, wọ́n ní pàṣán ò lọ lásán. Mo ń retí àdúrà.

Wọ́n ní, "Ìgbà wo lo ti mọ̀ pé irọ́ ni?"

Mo ní, "Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù tó kọjá, sà."

"Èèyàn mélòó ló ti kà á láti ìgbà náà?"

Níbi iṣẹ́ wa, wọ́n máa ń ka àwọn tó bá wọlé. Mo mọ iye náà: ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án ó lé. Mo sọ ọ́.

Wọ́n tún iye náà pè.

"Rashidat, ta ni wọ́n fi ń ṣọ́ irọ́ yẹn?"

"Èmi ni, sà."