Ẹni Tó Ka Lẹ́tà Mi

Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́, Bàrígà

Rísí, kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́. Má tún un ṣe.

Ọkùnrin méjì láti ọ́fíìsì ìjọba wá bá wa ní ṣọ́ọ̀bù rẹ lónìí. Wọ́n ní àwọn fẹ́ mọ̀ bóyá o ra ètò tí o fi ń tẹ̀wé nínú kọ̀ǹpútà ni, àbí o kàn dà á kọ. O fún wọn ní rìsíìtì, kò tẹ́ wọn lọ́rùn. Ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ìwé àwọn oníbàárà wò. O bẹ̀ ẹ́, kò gbọ́. Ayé sójà nìyí, ta la fẹ́ fẹjọ́ sùn?

Lẹ́tà mi ló ṣí. Èyí tí o bá mi tẹ̀ sí Délé ọmọ mi lókè òkun, lẹ́yìn tí a sin ìyá rẹ̀, pé orúkọ rẹ̀ ló ń pè títí ó fi kú.

Mo ní, "Ọ̀gá, rìsíìtì ti wà lọ́wọ́ rẹ. Kí lo tún ń wá nínú lẹ́tà mi?"

Ó kà á tán. Lẹ́yìn náà ó ní, "Baba, ẹ má bínú. Ṣé ọmọ yín ti fèsì?"

Mo ní kó jáde.

Ọdún méjì rèé tí lẹ́tà yẹn ti lọ, ẹnikẹ́ni ò bi mí bẹ́ẹ̀ rí. Ìwọ náà ò bi mí, Rísí.

Kò tíì fèsì.