Bí Mo Ṣe Lọ Parí Ìjà Tí Kò Sí Láàárín Àwọn Mọ́ńkì

Àbíkẹ́yìn mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí àwọn ọmọ, mo sì kí àwọn aláìsàn tí ò ń tọ́jú ní ọsíbítù yín, n kò mọ̀ wọ́n ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ ni wọ́n wà. Ṣé ara yín le, ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? Ọlọ́run yóò fi ẹ̀rọ̀ sí ìgbé ayé yín, ẹ kò ní fẹsẹ̀ kọ, ẹ kò ní wá ara yín tì, àmín. Tí o bá béèrè mi, àlàáfíà ni mo wà, orúnkún nìkan ló ń ro mí tí òjò bá ṣú, kò sì ju kí n fi ọwọ́ pa á lọ.

Mo gbọ́ pé télọ̀ tó múlé tì wá ti pè ọ́ lórí fóònù pé bàbá rẹ kò sọ̀rọ̀ mọ́, pé ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ni mò ń jókòó sí lábẹ́ igi, tí ènìyàn bá kí mi, orí ni mo máa ń mì. Ó ní o ti fẹ́ gba àyè níbi iṣẹ́ kí o wá gbé mi lọ rí dókítà. Jọ̀ọ́, má gba àyè kankan. Ara mi yá. Ritíríìtì ni mò ń ṣe. Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti orí, kí ó lè yé ọ.

O mọ̀ pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti fi ẹ̀gbọ́n rẹ jẹ Fádà ni orúkọ mi ti yí padà. Káfíńtà ni wọ́n ń pè mí tẹ́lẹ̀, ó wá di Bàbá Fádà. Ọ̀rọ̀ náà kì í yé mi tán, nítorí wọ́n ní ìtumọ̀ Fádà náà ni bàbá, a jẹ́ pé bàbá bàbá ni mí, bẹ́ẹ̀ èmi tí mo bí i náà ni mò ń pè é ní Fádà tí àwọn ènìyàn bá wà níbẹ̀. Ìyá yín, kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un, kò gbà bẹ́ẹ̀ láyé rẹ̀. Orúkọ tó fi ń pè é nígbà tó wà nínú ìlédìí ló fi ń pè é dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì.

Ẹ̀gbọ́n rẹ wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, ó jókòó sórí pákó tí mò ń fá, ó ní Bíṣọ́ọ̀bù fẹ́ rán òun lọ sí òkè òkun láti lọ ṣe míṣọ́nnárì, ní ibi kan tó tutù, tí ṣọ́ọ̀ṣì pọ̀ níbẹ̀ ṣùgbọ́n tí Fádà kò sí. Mo bi í pé ta ló wá kọ́ àwọn ṣọ́ọ̀ṣì náà. Ó ní àwọn tó ń rán Fádà wá sọ́dọ̀ wa láyé àtijọ́ náà ni. Mo ní ṣé wọ́n rán gbogbo tiwọn tán ni. Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n èmi kò fi ṣe àwàdà.

Ó ní kí òun tó dá Bíṣọ́ọ̀bù lóhùn, òun yóò lọ ṣe ritíríìtì lọ́dọ̀ àwọn mọ́ńkì. Bó ṣe ṣàlàyé rẹ̀, pé wọn yóò fún òun ní yàrá kan àti bẹ́ẹ̀dì kan, pé òun kò ní gba àlejò, pé òun yóò pa fóònù, mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ọsíbítù ni, ó kàn ń fi pa mọ́ fún mi ni. N kò sọ fún ọ nígbà náà kí ọkàn rẹ má baà dàrú. Ó lọ tán, èmi náà fọ ìbora, mo ra ọṣẹ, mo rọ omi gbígbóná sínú fúláàsì, mo wọ ọkọ̀ tẹ̀ lé e. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé tí mo bá rí dókítà àgbà wọn, n ó bẹ̀ ẹ́ kó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ara ọmọ mi kò gba òtútù, kí Bíṣọ́ọ̀bù lè wá ẹlòmíì rán.

Ọ̀nà ibẹ̀ gùn, igi ló wà lọ́tùn-ún lósì, ìkùukùu sì ti bo ilẹ̀ dé orúnkún, n kò rí ẹsẹ̀ ara mi, ó ń ṣe mí bíi pé ẹlòmíì ló ń bá mi rìn. Ọkùnrin tó ṣílẹ̀kùn wọ aṣọ funfun gbọ̀ọ̀rọ̀, ìyẹn sì mú mi gbà pé n kò ṣìnà. Mo kí i ní dókítà. Ó fi ìka sí ètè. Mo ní ara ọmọ mi ńkọ́. Ó tún fi ìka sí ètè, ó sì gba fúláàsì lọ́wọ́ mi bí ẹni gba ọmọ tuntun. Ẹ̀gbọ́n rẹ ló wá jáde, tó fa mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ pé ilé àdúrà nìyí, pé àwọn ọkùnrin tó fi gbogbo ayé wọn sin Ọlọ́run pa pọ̀ ló ń gbé ibẹ̀, àwọn ni mọ́ńkì, pé kò sí ohun tó ṣe òun, àdúrà tí ènìyàn yà sọ́tọ̀ wá gbà ni ritíríìtì. Wọ́n fún èmi náà ní yàrá tèmi, bẹ́ẹ̀dì, tábìlì, àga, àti fèrèsé tó kọjú sí àwọn igi.

Ẹ̀gbọ́n rẹ kò kàn rántí sọ fún mi pé wọn kì í sọ̀rọ̀ nídìí oúnjẹ. A jókòó, ẹnì kan ń kàwé sókè, àwọn yòókù sì dákẹ́ bí ẹni tí wọ́n bú. Bàbá àgbà méjì jókòó tira wọn, ọ̀kan jẹ́ òyìnbó, èkejì jẹ́ ènìyàn wa, òyìnbó na ọwọ́, èkejì ti iyọ̀ sí i, kò sí ẹ ṣeun, kò sí kò tọ́pẹ́. Mo ní áà, ìjà ilé yìí ti pẹ́. Àwọn tó ń gbàdúrà fún gbogbo ayé, ẹ wá wò ó. Bí wọ́n ṣe jẹun tán, mo lọ dúró sáàárín àwọn méjèèjì, mo di ọwọ́ ọ̀kan mú lọ́tùn-ún, mo di ti èkejì mú lósì, mo bẹ̀ wọ́n pé ohun yòówù kó fà á, ìbáà jẹ́ ilẹ̀, ìbáà jẹ́ ipò, kí wọ́n tìtorí ewú orí wọn dárí ji ara wọn. Gbogbo ilé dúró. Èjìká òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, omi bọ́ lójú èkejì, mo rò pé ọ̀rọ̀ mi ti wọ̀ wọ́n lára, àfi ìgbà tí mo rí ẹ̀gbọ́n rẹ tó fi ọwọ́ méjèèjì bojú ni mo mọ̀ pé ẹ̀rín ni wọ́n ń pa mọ́ra.

Òyìnbó náà ló mú mi jáde lọ síbi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀. Bàbá òyìnbó yìí ló ń sin oyin nílé náà, Bàbá Olóyin ni mo sì ń pè wọ́n. Ọmọ mi, wọ́n gbọ́ èdè wa jù mí lọ, ṣùgbọ́n bí ìyá arúgbó ni wọ́n ń sọ ọ́, nítorí ìyá alágbàfọ̀ kan ló kọ́ wọn nígbà tí wọ́n dé ní ọ̀dọ́mọkùnrin. Ọkọ mi ni wọ́n ń pè mí, tí wọ́n bá sì fẹ́ jókòó, wọ́n á ní ìbàdí àwọn o. Wọ́n ní ọ̀rẹ́ àtọjọ́ pípẹ́ ni àwọn àti ẹni tó ti iyọ̀ sí àwọn, pé bó bá ṣe gbé ṣíbí kalẹ̀ ni àwọn fi ń mọ̀ bóyá ó sun oorun dáadáa. Wọ́n ní ọ̀rẹ́ àwọn náà ni ẹ̀gbọ́n rẹ látìgbà tó wà ní sẹ́mínárì tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́ Fádà, pé tó bá wá, àwọn á jọ yẹ ilé oyin wò, àwọn lè má sọ gbólóhùn kan títí àwọn á fi ṣe tán.

Ọ̀sán yẹn, a jókòó lórí bẹ́ǹṣì nítòsí ilé oyin. Oòrùn rọra ń yọ́ wọlé láàárín ewé, àwọn oyin ń kùn, n kò mọ̀ bóyá mo sùn tàbí n kò sùn. Mo gbọ́ ìró ìgbálẹ̀, ṣàà, ṣàà, gẹ́lẹ́ bí ìyá yín ṣe máa ń gbá ẹ̀yìnkùlé, ó kù díẹ̀ kí n ní kó bá mi bu omi wá. Mọ́ńkì kan ló ń gbá ewé. Mo sọ fún Bàbá Olóyin pé mo rò pé ìyàwó mi ni. Wọ́n kàn sún díẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n fi àyè ẹnì kan sílẹ̀ láàárín wa, a sì jókòó bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.

Ibẹ̀ ni mo ti rí ẹnu sọ ẹ̀bẹ̀ mi. Mo ní kí wọ́n bá mi sọ fún ọmọ mi kó má lọ. Wọ́n ní ọjọ́ tí àwọn fi ilé sílẹ̀, ìyá àwọn ń fọ gíláàsì fèrèsé, kò sì bojú wẹ̀yìn, kò ju ọwọ́, ó kàn ń fọ̀ ọ́ lọ. Wọ́n ní inú bí àwọn gan-an, àwọn sì gbé ìbínú náà dé ọ̀dọ̀ wa. Ìgbà tí àbúrò àwọn obìnrin wá kí àwọn lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún ló sọ fún àwọn pé fèrèsé yẹn nìkan ló kọjú sí ọ̀nà, pé ìyá àwọn fọ̀ ọ́ títí mọ́tò fi wọ inú igi lọ tí kò rí i mọ́. Wọn kò sọ pé kí n jẹ́ kí ọmọ mi lọ. Èyí ló dùn mí jù, nítorí ká ní wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ ni, mo ti ní èsì lẹ́nu.

Nírọ̀lẹ́, èmi àti ẹ̀gbọ́n rẹ jọ rìn dé òpin àwọn igi. Kò béèrè ohun tí mo bá wọn sọ. Nígbà tí a fẹ́ yí padà, mo ní ìbora tí mo gbé wá yẹn nípọn, kó má gbàgbé rẹ̀ sẹ́yìn tó bá ń di ẹrù òkè òkun. Ó dúró. Ó wá di ọwọ́ mi mú bó ṣe máa ń dì í mú tí a bá fẹ́ sọdá títì nígbà tó wà ní kékeré, a sì bá ọ̀nà wa lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn ló dá Bíṣọ́ọ̀bù lóhùn pé òun yóò lọ. Nígbà tó lọ gba físà, ìwé àṣẹ ìwọ̀lú wọn, wọ́n tẹ gbogbo ìka ọwọ́ rẹ̀ síbì kan, mo ní ṣé nǹkan wọn ló sọ nù ni, ó ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe fún gbogbo ènìyàn. Lọ́jọ́ tó ń lọ, mọ́tò ti dé iwájú ilé, ẹrù ti wọ inú bútù, mo kúnlẹ̀ kí Fádà súre fún mi. Mo di ojú, n kò gbọ́ nǹkan kan. Nígbà tí mo lajú, òun náà ti kúnlẹ̀ níwájú mi, ó dorí kodò, ó ń dúró kí bàbá òun súre fún òun. Àwa méjèèjì wà nílẹ̀, kò sí ẹni tó wà lórí ìdúró. Dírẹ́bà sọ̀ kalẹ̀, ó ní kí ló bọ́ lọ́wọ́ wa, ó dojú kọ ilẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá wa wá a nínú iyanrìn. Èmi ni mo kọ́kọ́ gbé ọwọ́ lé e lórí. Ìgbà tó kan tirẹ̀, ó kàn fi ọwọ́ lé mi lórí, ó sì ti tó.

Nígbà tó lọ tán, mo pè é lórí fóònù, obìnrin kan ló gbé e. Mo rò pé akọ̀wé ilé Fádà ni, mo kí i dáadáa, mo ní kó jọ̀wọ́ kó bá mi wo ọmọ mi bóyá ó ti jẹun, ó ní n kò lè bá a sọ̀rọ̀ lásìkò yìí. Mo tún un sọ, òun náà tún tirẹ̀ sọ bákan náà. Kò ní sùúrù rárá. Ṣùgbọ́n ní báyìí, ẹ̀gbọ́n rẹ máa ń pè mí kí n lè rí ojú rẹ̀. Ó gbé fóònù sójú fèrèsé, mo rí yìnyín tó ń bọ̀ wálẹ̀ bí ìgbà tí mò ń fi sáńpépà ha pákó funfun, kò pariwo, kò yára. Ó jókòó lọ́hùn-ún, mo jókòó níhìn-ín, a jọ ń wò ó. A kì í sọ̀rọ̀. Ìyẹn ni télọ̀ rí, tó ní ọpọlọ mi ti dàrú.

Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe fún mi ni pé kí o fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, kí n fi wọkọ̀ lọ kí Bàbá Olóyin, kí o sì bá mi ra bàtà onírọ́bà, nítorí tèmi ń dún kókókó nínú ilé àdúrà wọn. Èyí tó kù ni ọ̀rọ̀ dátà. Ó máa ń tán kíákíá, mo sì ti lọ bá ẹni tó ń tà á pé èmi àti ọmọ mi kò sọ gbólóhùn kan, kí ló wá jẹ ẹ́ tán. Ó ní bí a kò tiẹ̀ sọ̀rọ̀, ó ń lọ. Ìwọ tí o wà nílùú ńlá, bá mi bi àwọn ọ̀gá wọn. Tí wọn kò bá gbà, ra púpọ̀ fún mi, nítorí ohun tí àwa méjèèjì kò tíì sọ ṣì pọ̀.

Ọlọ́run yóò dá ẹ̀mí rẹ sí, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ yóò máa wo aláìsàn sàn. Ilé rẹ kò ní dákẹ́, àfi ìdákẹ́ tó bá dùn.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.