Oògùn Tí Wọ́n Ní Kí N Kó Sórí Pẹpẹ

Olóòtú ètò rédíò wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Tíṣà ni mí ní Àpòmù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi.

Lóṣù tó kọjá, mò ń kọ nǹkan sójú pátákó ni ṣọ́ọ̀kì bọ́ lọ́wọ́ mi. Ọwọ́ ò gbé mọ́, ẹnu mi wọ́ sápá kan. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí gbogbo ẹ̀ fi padà bọ̀ sípò. Ìjọ wa ní iṣẹ́ ìyanu ni. Èmi wọkọ̀ lọ Ìbàdàn. Wọ́n ya àwòrán ọpọlọ mi, dókítà ní iṣan kan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ síbẹ̀ ti fún, pé ìkìlọ̀ nìyẹn. Tí mi ò bá lo oògùn lójoojúmọ́, rọpárọsẹ̀ lè tẹ̀ lé e.

Ni Ìyá Ìjọ bá ní, "Ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ lo máa jẹ́rìí. Kó oògùn yẹn wá sórí pẹpẹ. Ẹni tí Ọlọ́run ti wò sàn kì í gbé oògùn mì." Bẹ́ẹ̀, Ìyá Ìjọ ò lè ka ẹsẹ Bíbélì kan láìlo awò ojú. Ta ló ní kí wọ́n gbé awò yẹn sórí pẹpẹ?

Màá jẹ́rìí. Màá sọ pé Ọlọ́run ló kìlọ̀ fún mi. Màá sì mú omi dání, màá gbé oògùn àárọ̀ ọjọ́ náà mì lójú gbogbo ìjọ.

Ẹ̀yin olùgbọ́, ẹ bá mi dá sí i: ṣé wọ́n á ké Alelúyà, àbí wọ́n á gba máíkì lọ́wọ́ mi? Èyí ó wù kí wọ́n ṣe, oògùn á ti délẹ̀ ikùn.