Bí O Ṣe Gbé Olóògbé Dobri Ṣíwájú Ìwé Olórí Abúlé

Zornitsa, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Kí lẹ́tà yìí bá ọ lórí ìjókòó, pẹ̀lú oúnjẹ gbígbóná níkùn rẹ àti ìbọ̀sẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ, nítorí mo mọ̀ pé ẹ̀yin ará Plovdiv a máa rìn lórí ilẹ̀ títutù bí ẹni tí kò ní ìyá. Kí Ọlọ́run mú ojú burúkú kúrò lára rẹ, kí Ó sì fún ọ ní ọ̀gá tí ó mọ ìwà hù. Èmi wà láàyè, ara mi sì le, àfi orúnkún òsì, èyí tí n kò ní sọ̀rọ̀ rẹ̀, nítorí kò yẹ kí òbí máa fi àìsàn kí ọmọ. Ewúrẹ́ ti bí ìbejì. Tàtàṣé ti pọ́n, mo sì ti ń sun ún sínú ìgò de ìgbà òtútù.

Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ kọ kọjá ewúrẹ́ àti tàtàṣé. Dobri aládùúgbò wa, ẹni tí ó máa ń ju àsálà sí ọ láti orí ògiri nígbà tí o wà ní kékeré, ti dákẹ́. Kí ó tó dákẹ́, ó sọ fún Stamena ìyàwó rẹ̀ pé òun kò tọrọ ohun mìíràn, kí Minko àbúrò òun ṣáà jẹ́ ẹni tí yóò kọ́kọ́ da erùpẹ̀ sí òun lórí. O mọ ohun tí ó wà láàárín àwọn méjèèjì láti ìgbà tí wọ́n ti pín ilẹ̀ baba wọn: Minko kó àgùntàn rẹ̀ gun òkè lọ sí Gorna Buka, níbi tí fóònù kì í dé, kò sì sọ̀kalẹ̀ mọ́. Àwọn aláàánú ti parọ́ fún un rí pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń kú lọ, kí ó lè wá kí ìjà parí. Ó sáré dé, ó bá Dobri níbi tí ó ti ń mu ọtí rakíà tí ó ń kọrin. Láti ọjọ́ náà ni ó ti ní kí ẹnikẹ́ni má sọ ikú Dobri létí òun mọ́, àfi bí òun bá fi ojú ara òun rí àwòrán rẹ̀ nínú ìwé ìkéde òkú, tòun ti àgbélébùú lókè, irú èyí tí a ń lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn àti òpó iná fún gbogbo ọmọlúàbí tí ó bá kú.

Ọ̀sán ni ìsìnkú, bọ́ọ̀sì tí ń lọ sí Gorna Buka sì ń gbéra láàárọ̀. Stamena kò lè dìde fún ẹkún, nítorí náà èmi ni mo wọ aṣọ dúdú mi, mo gbé agbọ̀n mi, mo lọ bá Tsonka akọ̀wé ní ọ́fíìsì abúlé. Ó tẹ ìkéde náà dáadáa, mo sì bá a fi àmì ìdánudúró tí ó gbàgbé sí i, nítorí òkú kò lè tún ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ṣe mọ́. Ó tẹ bọ́tìnnì kí ìwé jáde. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí ó wà ní igun yàrá kò mira. Ó tún tẹ̀ ẹ́, ó tún tẹ̀ ẹ́. Mo bi í pé ṣé ó ti kú ni. Ó ní kò kú, màmá, ìwé yín ti wà lórí ìlà. Mo wẹ̀yìn, n kò rí ẹnì kankan. Mo bèèrè, bí a ti kọ́ wa, pé ta ló kẹ́yìn. Ó ní ìlà náà kò sí níbí, Plovdiv ló wà, lọ́dọ̀ Sáfà tí gbogbo ìwé agbègbè yìí ń gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá kí ẹ̀rọ tó tẹ̀ wọ́n, àti pé Gerginov olórí abúlé ló wà níwájú wa: ó ti fi ìwé ayẹyẹ wáìnì tuntun rẹ̀ ránṣẹ́ láti kùtùkùtù, òkìtì gidi, aláwọ̀ mèremère, pẹ̀lú ojú tirẹ̀ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì tóbi débi pé Sáfà kò tíì rí i gbé mì.

Zornitsa, n kò mọ Ọ̀gbẹ́ni Sáfà, n kò sì ní sọ̀rọ̀ ọmọ ọlọ́mọ láìdára, ṣùgbọ́n mo bèèrè irú ẹ̀kọ́ ilé tí ó gbà. Nígbà tiwa, nígbà tí à ń tò fún bàtà àti fún òróró, bí ẹni tí ó ní òkú nílé bá dé, ńṣe ni ìlà máa ń là fún un bí omi. Tsonka ní Sáfà kò mọ òkú, kò mọ alààyè, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló ń kọ́kọ́ dá lóhùn. Mo ní ìyẹn kì í ṣe ìlà, agbo ẹran ni. Mo gbé agbọ̀n mi, tòun ti tàtàṣé inú rẹ̀, sórí ẹ̀rọ náà láti fi mú àyè wa. Ibẹ̀ ni Gerginov wọlé, ó ní ta ló gbé tàtàṣé sórí ẹ̀rọ ìjọba. Mo ní èmi ni, kí òun náà sì ṣí fìlà lábẹ́ òrùlé. Ó ṣí i. Ó ní kí n má bínú, ayẹyẹ gbogbo abúlé ni, Dobri fúnra rẹ̀ fẹ́ràn wáìnì, kò ní kọ̀ láti dúró díẹ̀. Mo ní òótọ́ ni Dobri fẹ́ràn wáìnì, ẹni tí ń dí i lọ́nà ni kò fẹ́ràn. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ti ń fọn fèrè níta, ó ní bí sìgá òun bá ti tán, òun ti lọ nìyẹn.

Tsonka ní ẹ pe Zornitsa, màmá, ṣebí òun ló ń tọ́jú àwọn kọ̀ǹpútà ní Plovdiv, òun ló ń to ìlà náà. Mo pè ọ́. Mo ní kí o fún mi ní Ọ̀gbẹ́ni Sáfà kí n kí i, o ní kì í sọ̀rọ̀, mo sì gbóríyìn fún un, nítorí ẹni tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ kò gbọdọ̀ máa tàkúrọ̀sọ. Mo dìde dúró, mo rò ó fún ọ. Mo gbọ́ tí ìka rẹ tẹ nǹkan, tà. Ẹ̀rọ náà sì hó.

Ọmọ mi, mo ti rí ọba tí wọ́n ta nù, mo ti rí ìjọba tí ó wó, n kò rí irú èyí rí. Láti ẹ̀yìn òkè, o fi ìka kan ṣoṣo gbé òkú kọjá lórí olórí abúlé, kò sí ẹni tí ó fi ìgúnpá gún ẹnikẹ́ni, kò sí ẹni tí ó pariwo. Dobri ń jáde bọ̀ díẹ̀díẹ̀, orí rẹ̀ ló kọ́kọ́ yọ, bí ọmọ tuntun. Ìwé náà lọ́wọ́ọ́rọ́ bí búrẹ́dì. Nígbà tí mo gbé e dé ọ̀dọ̀ Stamena, ó fi lé ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó ní ó ṣì gbóná, Paraskeva, ó ṣì gbóná. Gbogbo ìgbà tí Tsonka sì tẹ bọ́tìnnì ni Dobri ti tò, òun lẹ́yìn òun, nítorí náà ó ń jáde ṣáá ni, títí Gerginov fi kó lára rẹ̀ tí ó lọ ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ òpó iná, fìlà lọ́wọ́. Awakọ̀ lẹ ọ̀kan mọ́ gíláàsì iwájú bọ́ọ̀sì, ó sì gbéra.

Awakọ̀ ló sọ ìyókù fún wa. Minko wà lẹ́bàá ọ̀nà, ó ń retí búrẹ́dì rẹ̀. Ó rí àwòrán, ó ní ẹ̀tàn Dobri nìyí tún. Ó fi ìka tọ́ àgbélébùú náà. Lẹ́yìn náà ó fi àgùntàn sílẹ̀ fún ajá, ó wọ ọkọ̀ láìmú ẹ̀wù. Létí sàréè, ó ní ẹ̀gbọ́n òun ti borí, òun ni òun sọ̀kalẹ̀ wá. Ó bu erùpẹ̀ kún ọwọ́ méjèèjì, ó sì dà á.

Ní báyìí, jọ̀wọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n ra òwú. O ní yàrá tí Ọ̀gbẹ́ni Sáfà ń gbé kò ní fèrèsé, àti pé òtútù ni ẹ fi ń tọ́jú rẹ̀. N kò fọwọ́ sí i. Kọ bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti gùn tó sí mi, kí n lè hun ìbọ̀sẹ̀ fún un. Bí ó bá ṣẹ́kù, kí o fi kún un kí n fi ra oògùn orúnkún, ṣùgbọ́n òwú ni àkọ́kọ́.

Ohun kan tún kù. Lọ́jọ́ tí ó bá kan èmi, má gbé mi ṣíwájú ẹnikẹ́ni. Jẹ́ kí n tò sẹ́yìn ìwé wáìnì, kí Sáfà rọra gbé mi mì. N kò ní ẹni tí mo ń bá jà lórí òkè kankan; ìwọ nìkan ni mo ń retí, o sì lè wá láìrí àwòrán mi lára bọ́ọ̀sì. Bóyá ní Sátidé.

Kí Ọlọ́run fi ọ́ síwájú níbi tí wọ́n bá ti ń pín ire, kí orúkọ rẹ sì sọnù lórí ìlà ibi.

Èmi ni ìyá rẹ,
Paraskeva