Ohun Tí Mo Rà Fún Bàbá Rẹ Ní Ṣọ́ọ̀bù Oúnjẹ Aláìlóògùn

Ọmọ mi ọ̀wọ́n, àkọ́bí mi obìnrin,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé ọ̀gá rẹ tó máa ń fi ẹnu gbígbẹ pe orúkọ rẹ ti ń rọ̀ díẹ̀? Bó o bá béèrè wa, a wà, a dúpẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bí mo ṣe ń kọ “a wà” yìí, mò ń tòògbé lórí ìjókòó. Nítorí náà bó o bá rí ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ lọ sí ìsàlẹ̀ ìwé, má rò pé ojú mi ló ń bàjẹ́, oorun ló fà á. Ọlọ́run tó mú ọ dé ìlú ńlá kò ní jẹ́ kó o sọnù síbẹ̀. Ẹni tó bá ń wá ìṣubú rẹ yóò wá a títí yóò fi gbàgbé ohun tó ń wá. Àmín.

Mo kọ́kọ́ fẹ́ bẹ̀ ọ́ nípa fóònù ọjọ́sí. O ní kí n gbé e dáadáa kí a lè jọ rí ara wa, mo sì gbé e sétí bí mo ṣe máa ń ṣe, mi ò mọ̀ pé etí mi lò ń bá sọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìyá Aránṣọ, aládùúgbò wa, ló wọlé tó ní etí mi ti kún ojú fóònù. Mo ní kò burú, etí náà ló ṣáà ń gbọ́rọ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ojú mi lo rí ni, ò bá ti mọ ohun tí mi ò lè sọ níwájú bàbá rẹ.

Láti ìgbà tí a ti gbé wọn dé láti ilé ìwòsàn, apá ọ̀tún wọn ṣì wúwo, dókítà sì ní wọn kò gbọdọ̀ fẹnu kan iyọ̀. Bàbá rẹ ní oúnjẹ tí kò níyọ̀, ẹlẹ́wọ̀n ni wọ́n ń fún. Bí mo bá gbé ìrẹsì síwájú wọn, wọn á kọjú sí ògiri. Bí mo bá fẹ́ fi ṣíbí bọ́ wọn, wọn á pa ẹnu dé bí àpótí. O mọ̀ pé bíríkìlà tí àwọn ọmọ iṣẹ́ ń pè ní Okùn-Títọ́, nítorí pé ògiri wọn kì í wọ́, kò lè gbà kí ìyàwó máa fi ṣíbí bọ́ wọn bí ìkókó. Mi ò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n èmi tí mò ń gbé wọn dìde, tí mò ń wẹ̀ wọ́n, tí mo tún ń fọ aṣọ oníaṣọ nítorí pé a gbọ́dọ̀ jẹun, ìgbà míì wà tí màá dúró láàárín yàrá, tí mi ò ní rántí ohun tí mo wá mú. Ó rẹ̀ mí, ọmọ mi. Kì í ṣe irú èyí tí oorun òru kan lè wò.

Ìdí nìyẹn tí mo fi gbọ́ràn sí ọ lẹ́nu nígbà tó o ní kí n lọ sí ṣọ́ọ̀bù tuntun tó wà lójú títì ńlá, níbi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ bí Ọlọ́run ṣe dá a. Ìyá Aránṣọ gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wá sẹ́nu ọ̀nà wa, ó ní òun á máa fi ojú kan wo aṣọ, òun á máa fi ojú kejì wo bàbá rẹ.

Ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù náà mọ́ débi pé mo bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà. Ọmọbìnrin tó ń tajà níbẹ̀ ló lọ gbé e wá, ó ní kí màmá jọ̀ọ́ wọ bàtà wọn. Ọmọ tó ní sùúrù ni. Ó kọ́kọ́ mú mi lọ síbi ẹ̀fọ́, ó ní ẹ̀fọ́ náà kò rí oògùn kankan láti ìgbà tí wọ́n ti gbìn ín títí wọ́n fi já a. Mo ní a dúpẹ́, ara ẹ̀fọ́ yìí ti le ju ti bàbá rẹ lọ nìyẹn, nítorí wọ́n ń lo oògùn láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Ó ní oògùn kòkòrò lòun ń wí. Mo bojú wo ẹ̀fọ́ náà, mo rí ibi tí kòkòrò ti jẹun yó lára rẹ̀, mo sì gbà pé kò parọ́.

A dé ibi ẹyin. Ẹyin ibẹ̀ wọ́n ju tibòmíràn lọ. Mo béèrè ìdí, ó ní àwọn adìyẹ tó yé e kì í gbé inú àgò, pé wọ́n máa ń rìn kiri bó ṣe wù wọ́n. Mo dúró wò ó. Láti ìgbà tí mo ti bí ọ ni mo ti ń rìn kiri, tí mò ń ru aṣọ ìdọ̀tí láti ilé dé ilé, kò sẹ́ni tó fi kún owó mi nítorí ìrìn. Mo ra mẹ́rin, kí n fi ṣe kóríyá fún àwọn adìyẹ náà.

Wàrà kan tún wà tí wọn kò fún lára màlúù. Ọmọbìnrin náà ní lára èso kan bí ẹ̀pà ni wọ́n ti fún un. Mo gbé páálí rẹ̀ yí po yí ká, mò ń wá àwòrán ibi tí ọmú wà lára ẹ̀pà, mi ò rí i. Mi ò fẹ́ dójú ti ọmọ ọlọ́mọ, mo ní ó dáa, Ọlọ́run lágbára. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé wọ́n tẹ ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ sára rẹ̀, tòun ti oṣù àti ọdún. Àwa tí à ń mí, kò sẹ́ni tó mọ ọjọ́ tirẹ̀, wàrà wá mọ tirẹ̀. Mo rọra dá a padà sórí pẹpẹ. Nínú ilé wa lákòókò yìí, mi ò fẹ́ ohunkóhun tó ti mọ ọjọ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni mo rí ọ̀rọ̀ kan tí mo mọ̀ dáadáa, nítorí òun náà ló wà lára nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn tí wọ́n pín fún wa: fíríì. Wọ́n kọ ọ́ sára bisikíìtì, wọ́n kọ ọ́ sára jáàmù, wọ́n kọ ọ́ sára ìyẹ̀fun. Mo ní ibi tí wọ́n ti ń pín nǹkan lọ́fẹ̀ẹ́ rèé, táwọn èèyàn sì ń kọjá lára rẹ̀ bí ẹni tí kò rí i. Mi ò ṣojúkòkòrò, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mo mú, mo sì mú bisikíìtì kan kún un fún Ìyá Aránṣọ. Nígbà tí a dé ibi ìsanwó, ọmọbìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò wọn pọ̀ mọ́ ẹyin. Mo rọra tọ́ka sí ọ̀rọ̀ náà fún un, kó má baà ṣàṣìṣe kí ọ̀gá rẹ̀ wá bá a wí. Ó fi sùúrù ṣàlàyé pé ohun tó túmọ̀ sí ni pé súgà kò sí nínú èyí, àlìkámà kò sí nínú ìyẹn, wàrà kò sí nínú tọ̀hún. Mo bi í pé ṣé wọ́n wá ń gba owó lórí ohun tí kò sí ńbẹ̀ ni. Ó ronú díẹ̀, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, màmá.

Ibi tí a ti ń dá wọn padà sáyè wọn ni mo ti di pẹpẹ mú, tí mi ò sì lè fi í sílẹ̀ mọ́. Mi ò ṣubú o, má jẹ́ kí àyà rẹ já. Ọmọbìnrin náà gbé àga kan fún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó bu tíì olóòórùn dídùn sínú ife kékeré, ó ní kí n tọ́ ọ wò, pé kò sí owó lórí ìyẹn lóòótọ́. Ewé tíì náà wà nínú àpò pẹlẹbẹ tó ní okùn lórí. Mo fún un gbẹ bí mo ṣe ń fún aṣọ, mo sá a sójú fèrèsé. Lẹ́yìn náà mi ò mọ nǹkan kan mọ́.

Ọmọ mi, nínú gbogbo ohun tí mo rí ní ṣọ́ọ̀bù yẹn, àga yẹn ló wù mí jù. Kò sẹ́ni tó ń pè mí níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kí n gbé òun dìde, kò sí omi tó ń hó lórí iná. Nígbà tí ọmọbìnrin náà fọwọ́ kàn mí, oòrùn ti kúrò lójú fèrèsé, ó sì ti fi aṣọ òtútù rẹ̀ bò mí lẹ́sẹ̀. Ó bi mí pé ta ni mò ń tọ́jú nílé. Mo rò pé ọ̀rọ̀ oògùn tí mo sọ níbi ẹ̀fọ́ ló fi mọ̀. Mo sọ fún un, ó sì lọ mú búrẹ́dì dúdú kan wá àti ẹ̀pà lílọ̀ tí kò níyọ̀, ó ní kí n fi èyí gbìyànjú.

Ó ní kí n mú káàdì wá, mo fún un ní káàdì ilé ìwòsàn bàbá rẹ. Ó kà á, ó dá a padà, ó ní Ọlọ́run á fún wọn lálàáfíà, pé káàdì báńkì lòun ń wí. Nígbà tí mo fẹ́ tẹ nọ́ńbà àṣírí náà, ó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni tó ṣèèṣì bá àgbà ní balùwẹ̀. Ìwà yẹn wú mi lórí débi pé mo ka nọ́ńbà náà sókè fún un, kó lè mọ̀ pé mi ò fi nǹkan kan pamọ́ fún un. Mo mọ̀ pé o ní kí n má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Má bínú, ojú rẹ̀ kò jọ ti olè.

Nígbà tí mo yà sí òpópónà wa, mo rí ẹnìkan tó dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé wa, ó fi ọwọ́ òsì di férémù ilẹ̀kùn mú. Mo rò pé àlejò ni. Bàbá rẹ ni. Ìyá Aránṣọ wà lẹ́yìn wọn, ó na ọwọ́ méjèèjì bí ẹni tó fẹ́ gba ọmọ tó ń kọ́ ìrìn. Ó ní bàbá rẹ ń béèrè mi ṣáá, nígbà tó yá wọn kò béèrè mọ́, wọ́n kàn fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀, wọ́n dìde fúnra wọn, wọ́n ń gbá ògiri mú bọ̀.

Bàbá rẹ wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Wọ́n ní, “Mo rò pé o ti lọ.”

Mo ní ibo ni mo fẹ́ lọ.

Wọ́n ní, “Mi ò mọ̀. Bó bá jẹ́ èmi ni, ǹ bá ti lọ tipẹ́.”

Mo ní mo ra búrẹ́dì.

Búrẹ́dì náà wúwo, oríṣìíríṣìí hóró wà lára rẹ̀ bí òkúta wẹ́wẹ́ lára kọnkéré. Mo gbé e sórí tábìlì. Bàbá rẹ fi ìka kàn án kó kó kó, bí wọ́n ṣe máa ń kan búlọ́ọ̀kù kí wọ́n tó rà á, wọ́n dẹ etí sí i. Wọ́n ní ẹni tó yọ búlọ́ọ̀kù yìí kò ṣahun sìmẹ́ńtì. Láti ìgbà tí àìsàn yẹn ti dé, ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa dápàárá nìyẹn. Mo gé e, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀pà lílọ̀ pa á. Bí ẹni tó ti rẹ̀ ṣe ń pa nǹkan ni mo ṣe pa á, apá kan nípọn, apá kan gbẹ. Wọ́n bi mí pé ta ló kọ́ mi ní irú ògiri rírẹ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n ní kí n gbé ọ̀bẹ wá.

Ọwọ́ òsì ni wọ́n fi gbà á, wọ́n wá fi sí ọ̀tún. Ọ̀bẹ bọ́. Mo mú un, mo dá a padà fún wọn. Ó tún bọ́. Mo tún mú un. Nígbà tó yá, ọwọ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í rántí iṣẹ́ tó ti ń ṣe láti ìgbà èwe. Wọ́n rẹ́ ẹ̀pà náà láti igun dé igun bí ẹni ń rẹ́ ògiri, wọ́n tẹ orí wálẹ̀ wò ó bóyá ó dọ́gba, wọ́n ha èyí tó yọ létí kúrò, wọ́n fi í dí ihò kan láàárín. Lẹ́yìn náà wọ́n jẹ ẹ́. Wọ́n rẹ́ òmíràn, mo rò pé tiwọn náà ni, àfi bí wọ́n ṣe tì í sọ́dọ̀ mi. Mo fẹ́ jẹ ẹ́ ní ìdúró kí n lọ gbé omi ka iná. Wọ́n ní kí n jókòó.

Má yọ̀ jù o. Lọ́jọ́ kejì wọn kò jẹ ẹyin adìyẹ onírìnkiri náà, wọ́n ní kò níyọ̀. Ọwọ́ náà ṣì máa ń wúwo láàárọ̀, ọjọ́ míì sì wà tí wọn kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ti búrẹ́dì, fúnra wọn ni wọ́n ń rẹ́ ẹ, bí mo bá sì fẹ́ ràn wọ́n lọ́wọ́, wọ́n á ní kí n yéé tẹ iṣẹ́ tí kò tíì gbẹ mọ́lẹ̀.

Búrẹ́dì náà ti tán, ẹ̀pà ti kù sí ìdí ìgò. Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ sí i. Káàdì ni kó o fi í sí, má fi í sí fóònù, nítorí ìgbà tó o fi í sí fóònù, ńṣe ni mo pa á títí di ọjọ́ kejì kí iná rẹ̀ má baà jẹ owó náà.

Ohun kejì tí mo fẹ́ béèrè, owó kọ́. Wá sílé. Mi ò ní kó o fi iṣẹ́ sílẹ̀. Bí ọ̀gá rẹ bá fún ọ ní ìsinmi, bó ti wù kó kéré tó, wá jókòó ti bàbá rẹ. Jẹ́ kí wọ́n bá ọ sọ̀rọ̀ nípa àwọn ilé tí wọ́n ti kọ́. Èmi á wà nínú yàrá kejì, màá ti ilẹ̀kùn, màá sùn. Bó o bá dé tó ò bá mi lẹ́nu ọ̀nà, má rò pé inú mi kò dùn láti rí ọ. Má jí mi.

Ilẹ̀ tó o bá tẹ̀ kò ní yẹ̀ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ yóò bọ́ ọ, yóò sì ṣẹ́ kù. Ọmọ tí ìwọ náà yóò bí, bó o bá pè é lẹ́ẹ̀kan, yóò dáhùn. Àmín.

Èmi ni,
ìyá rẹ tó bí ọ.