Bàbá Régí, Ẹni Tí Kì Í Wọn Ọkọ̀ Lórí Jáàkì

Ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹjọ ọdún 1963 ni a bí ẹni tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Bàbá Régí, ní ilé alágbẹ̀dẹ tí ó wà lẹ́yìn ibùdókọ̀. Alágbẹ̀dẹ ni bàbá wọn. Alágbẹ̀dẹ ni bàbá tí ó bí bàbá wọn. Ìyá wọn ń ta èédú. Ọmọ kejì ni wọ́n. Bí ó bá jẹ́ pé bí a ṣe ń wá ni a ṣe ń lọ, ìtàn ẹ̀gbọ́n wọn, olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì, ni à bá máa kà lónìí. Ọjọ́ mọ́kànlá péré nìyí tí ìdílé ti ń pe Bàbá ní olóògbé. Ọ̀rọ̀ náà ṣì ń kọ́ wa lẹ́nu.

Wọ́n ka ìwé mẹ́fà jáde ní ọdún 1976. Ìṣirò nìkan ni wọ́n fẹ́ràn. Ní ọdún 1978, wọ́n lọ kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì.

Iṣẹ́ tí ó sọ wọ́n di ẹni mímọ̀ kò pọ̀ lọ́wọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn. Bí a bá gbé jíìpù ga kí ó lè gba ọ̀nà olókùúta, ọ̀pá gígùn tí ó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì lọ sí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn yóò dà gẹ̀rẹ́ ju bí ó ti yẹ lọ. Ọkọ̀ yóò máa gbọ̀n. Bí a kò bá wá nǹkan ṣe sí i, oríkèé ọ̀pá náà yóò já. Bàbá a máa fi irin pẹlẹbẹ tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan nípọn ju èkejì lọ sí abẹ́ sípíríǹgì, títí igun orí ọ̀pá àti igun ìdí rẹ̀ yóò fi dọ́gba. Wọn yóò ní, "Ó ti ṣe régí." Ibẹ̀ ni orúkọ wọn ti wá.

Bàbá kò fi àṣìṣe wọn pamọ́. Ní ọdún 1984, wọ́n wọn ọ̀pá kan nígbà tí ọkọ̀ ṣì wà lórí jáàkì, tí táyà ń fì dirodiro. Igun dọ́gba. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkọ̀ tẹ ilẹ̀, tí ẹrù wọ̀ ọ́, igun yí padà. Ọ̀pá sì já kí awakọ̀ tó rin máìlì méjì. Ọ̀gá wọn kò bú wọn. Ó ní, "Orí jáàkì kọ́ ni ọkọ̀ ti ń gbé ẹrù. Sọ ọ́ kalẹ̀, kó ẹrù rẹ̀ sí i, kí o tó wọ̀n ọ́n." Ogójì ọdún ni wọ́n fi pa òfin yìí mọ́.

Ní ọdún 1990, wọ́n gbé aránṣọ kan níyàwó. Níbi tí ó ti ń rán aṣọ iṣẹ́ wọn ni wọ́n ti pàdé, ó wo ṣòkòtò tí wọ́n wọ̀ wá, ó ní, "Ẹ mọ ìwọ̀n irin, ẹ ò mọ ìwọ̀n ara yín."

Bàbá kì í pa ìsìn jẹ. Wọ́n sì kọ́ àwọn ọ̀dọ́ púpọ̀ níṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ní ọjọ́ kan, àga kan ń mì ní ilé ìjọsìn; wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ń wá ohun tí wọn yóò fi tì í. Olùṣọ́-àgùntàn dánu dúró, ó ní, "Bàbá Régí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n wàásù tán ná."

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta ọdún 2025, jíìpù agbẹ̀bí tí ó ń lọ sí àwọn abúlé orí òkè wà lórí jáàkì ní ṣọ́ọ̀bù wọn. Irin pẹlẹbẹ ti wọ ààyè rẹ̀. Wíwọ̀n ni ó kù. Ní agogo mẹ́wàá òwúrọ̀, Bàbá jókòó sórí àpótí irinṣẹ́. Wọ́n sọ fún àkọ́bí wọn obìnrin, tí ó ń bá wọn ṣiṣẹ́, pé, "Jẹ́ kí n mí díẹ̀. Má sọ ọ́ kalẹ̀ láìsí mi." Agbẹ̀bí náà dúró tì wọ́n. Ó di ọrùn ọwọ́ wọn mú, ó tún un dì mú; iṣan kò lù mọ́. Tíì wọn ṣì gbóná nínú ife. Wọn kò ṣàìsàn. Wọn kò sọ pé ibì kan ń dùn wọ́n.

Orí òkè ni ibi ìsìnkú wà, ọkọ̀ òkú kò sì lè gun ọ̀nà rẹ̀. Agbẹ̀bí ní jíìpù òun ni yóò gbé wọn. Ṣùgbọ́n ta ni yóò parí iṣẹ́ náà, tí ọ̀pá kò fi ní já mọ́ Bàbá lábẹ́? Àkọ́bí wọn wọ abẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú omijé, ó wọn igun, ó dọ́gba. Ó ti dìde kí ó tó rántí pé orí jáàkì ni ọkọ̀ wà. Ó sọ ọ́ kalẹ̀. Ó kó iyanrìn sí ẹ̀yìn rẹ̀, ìwọ̀n Bàbá àti pósí wọn. Igun kò dọ́gba mọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó gé irin kí ó tó ṣe régí. Wọ́n kọ́kọ́ gbé iyanrìn náà gun òkè láti dán ọkọ̀ wò. Ìyá rẹ̀ jókòó tì í. Nígbà tí wọ́n dé, aránṣọ náà ní òun fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ lójú ọ̀nà láìtàsé.

Àwọn tí Bàbá fi sílẹ̀ sáyé ni: ìyàwó wọn, ọmọ mẹ́ta, obìnrin kan àti ọkùnrin méjì, ọmọ-ọmọ márùn-ún, àti ẹ̀gbọ́n wọn, tí kò rò pé òun ni yóò kọ ìwé yìí.

Ní òwúrọ̀ òní, a kó iyanrìn náà kúrò. Ààyè yín ni ó ṣófo yẹn, Bàbá. Kí Ọlọ́run tẹ́ yín sí ìrọ̀rùn. Ẹ sùn o; ọkọ̀ tí ó ń gbé yín lọ kò ní gbọ̀n yín jí.