Fóònù Mi Lọ Kí Ìyá Àgbà Rẹ̀

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà, ṣé ara le? Àwa náà ń bẹ, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ìyá rẹ ní kí n kí ọ, ẹ̀yìn tó ń dùn ún ti ń rọlẹ̀. Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká fi ẹkún ka ìwé ara wa.

Ọ̀rọ̀ ńlá dé. Màmá arúgbó tó ń gbé òdìkejì ṣọ́ọ̀bù mi, tó máa ń wọ gíláàsì méjì léra kàwé, àṣé wọ́n wà lára àwọn tó kọ́kọ́ kọ́ kọ̀ǹpútà ní ìṣirò nígbà tó ṣì tóbi tó yàrá. Bẹ́ẹ̀ mo ti ń bá wọn tún àga ṣe láti ọjọ́ yìí, mi ò mọ̀. Ilé ẹ̀kọ́ àdúgbò wa fẹ́ yẹ́ wọn sí, èmi ni wọ́n ní kí n gbẹ́ orúkọ wọn sára pákó.

Ni àríyànjiyàn bá bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ní kí n kọ ọ́ pé màmá ló kọ́kọ́ ronú bí kọ̀ǹpútà ṣe máa ṣírò, tíṣà kan ní àwọn ará òkè òkun ni, onígbàjámọ̀ wa ní bàbá òun ti ń fi òkúta ṣírò kí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó gbọ́n. Èmi ò dá sí i. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé ení àti òdo nìkan ni ẹ̀rọ náà mọ̀, òun ló fi ń ṣe gbogbo rẹ̀. Irinṣẹ́ mi kún àpótí, kọ́bọ́ọ̀dù tí mo kàn fún ìyá rẹ ṣì ń ṣí fúnra rẹ̀.

Tíṣà náà tún ní fóònù tí o rà fún mi, ọmọ-ọmọ kọ̀ǹpútà ni. Mo ní ọmọ-ọmọ kì í wà ládùúgbò kó má lọ kí àgbà. Mo nù ún mọ́, mo gbé e tọ màmá lọ, mo dojú rẹ̀ bolẹ̀ kó lè dọ̀bálẹ̀ fún wọn. Màmá rẹ́rìn-ín títí, àfi bí ẹ̀rín ṣe di ẹkún. Wọ́n ní ìyá àgbà méjì lọmọ yìí ní. Ọ̀rẹ́ àwọn kan tí àwọn jọ ń jókòó sídìí tábìlì kan náà níbi iṣẹ́ ló mú àbá ìṣirò yẹn wá, ó sì kú kí ìyìn tó dé. Àwọn ti sọ fún ọ̀gá, àmọ́ ọ̀gá ní orúkọ kan ṣoṣo ni ilé ẹ̀kọ́ fọwọ́ sí. Màmá ní bó bá jẹ́ tàwọn nìkan, àwọn ò ní lè wo pákó náà.

Ọmọ mi, mo ti gbẹ́ ẹ tán, mo ti kùn ún. Mo fá gbogbo rẹ̀ dànù, mo tún un gbẹ́, orúkọ méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, mi ò sì sọ fẹ́nì kan.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ká aṣọ kúrò lójú pákó náà, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wò mí bí ẹni fẹ́ gbé mi mì. Màmá dìde, wọ́n gbé ọwọ́ lé orúkọ ọ̀rẹ́ wọn, wọ́n ní kó má bínú pé ó pẹ́. Orí mi wú.

Jọ̀ọ́, fi nǹkan díẹ̀ ránṣẹ́ sí wa, torí ilé ẹ̀kọ́ ní àwọn ò lè sanwó orúkọ tí àwọn ò rán mi. Ọlọ́run á gbé ọ ga. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń yìn ọ́, kó má jẹ́ ìwọ nìkan ni wọ́n máa dárúkọ.

Èmi ni bàbá rẹ.